Kí omi tó tán lẹ́yìn ẹja: ìfiwéra ohun tẹ́ ẹ lè ṣe bí táńkì ẹja bá ń jò nínú ilé

Ẹsẹ̀ ni mo fi mọ̀. Mo dìde lóru láti lọ mu omi, mo gbẹ́sẹ̀ lé kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, omi sì ru jáde láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bí ìgbà téèyàn tẹ kànrìnkàn tí wọn ò tíì fún. Mo tan iná. Omi táńkì ti fi bí ìka mẹ́ta wálẹ̀, igun kan lára pákó tó gbé e dúró ti dúdú, àwọn ẹja sì ń wẹ̀ kiri bí ẹni pé kò séwu lóko.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe? Mo lọ ń wá téèpù. Mo fẹ́ dí ihò tí mi ò tíì rí, nígbà tí omi ń rìn lọ síbi tí wáyà hítà àti ti fílítà ti pàdé nílẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Iná ló yẹ kó ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ẹja, lẹ́yìn rẹ̀ ilẹ̀. Táńkì ló gbẹ̀yìn, torí pé nínú gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn, òun ló rọrùn jù láti rí òmíràn. Gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí tẹ̀ lé ètò yẹn. Ibi tí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta bá wà, màá gbé wọn síra, màá sì sọ èyí tí èmi á yàn. Ibi tí kò bá sí yíyàn, mi ò ní díbọ́n pé ó wà.

Iná: kò sí yíyàn níbí

Bí ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà bá ti rin, ẹ má lọ yọ pílọ́ọ̀gì níbẹ̀. Ibi tí iná gbogbo ilé ti ń wọlé ni kẹ́ ẹ ti pa á. Bí ibẹ̀ náà bá wà nínú omi, ẹ jáde, kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́ iná. Tó bá jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì gbẹ, ẹ yọ hítà ṣáájú ohun gbogbo. Gíláàsì ni ara ọ̀pọ̀ hítà táńkì. Bí omi bá sá lára rẹ̀ nígbà tó ṣì ń gbóná, ó lè là. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

Jíjò lóòótọ́ tàbí omi tó gba ibòmíràn wá?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bó ṣe rí nìyẹn bí gbogbo ìdí táńkì bá ti rin tán. Kẹ́ ẹ tó dá táńkì lẹ́bi, àwọn mìíràn wà tó ń ṣe bíi jíjò.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fílítà tó wà níta táńkì. Òrùka rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ máa ń gbẹ, ó máa ń sán, omi á wá máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà tó ń gbé omi lọ tó ń gbé e bọ̀ náà máa ń tú. Omi tún fẹ́ràn láti gba ara wáyà wálẹ̀: bí èéfóò bá ń tú sára ìdérí, ìkán omi á lẹ̀ mọ́ wáyà, á máa yọ̀ bọ̀ títí á fi dé ilẹ̀. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ojú omi náà lè fa omi padà sẹ́yìn bí iná bá lọ, bí kò bá sí fáàfù kékeré tó ń dá omi dúró lára rọ́bà rẹ̀. Bí omi inú táńkì bá sì tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, ara gíláàsì á làágùn bí ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde látinú fìríìjì.

Ọ̀nà méjì ló wà láti mọ òótọ́. Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ nu gbogbo ara táńkì gbẹ, kẹ́ ẹ tẹ́ bébà gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, kẹ́ ẹ sì lẹ téèpù kan mọ́ gíláàsì níbi tí ojú omi wà. Bí ojú omi bá wálẹ̀ àmọ́ tí bébà ò rin, afẹ́fẹ́ ló fà á. Ìkejì ni kẹ́ ẹ kàn jẹ́ kó máa wálẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tó máa dúró sí. Ìkejì yìí péye ju àkọ́kọ́ lọ, torí pé omi kì í lọ sísàlẹ̀ ju ihò tó ń gbà jáde lọ: bó bá dúró ní ìlàjì, ìlàjì ni àbùkù wà. Àmọ́ mi ò lè gbà yín níyànjú láti dúró wò ó lórí kápẹ́ẹ̀tì. Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ṣe nínú ilé. Ìkejì di ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé táńkì síta.

Ẹ tún rántí pé ibi tí omi ti ń yọ lè máà jẹ́ ibi tó ti ń jò. Bí táńkì bá ní férémù ike nísàlẹ̀, omi á gba inú férémù yẹn rìn láti igun kan dé ìkejì kó tó kán sílẹ̀. Igun ọ̀tún ni tèmi ti ń kán. Igun òsì lẹ́yìn ló ti ń jò.

Ẹ fa omi díẹ̀ kúrò tàbí gbogbo rẹ̀?

Táńkì mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, ó fẹ̀ ní 35, ó ga ní 45. Bó bá kún, omi inú rẹ̀ á tó lítà 126, ìyẹn kílò 126 láìka gíláàsì àti òkúta mọ́ ọn. Lítà kan péré, bó bá tẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà kan, á gba ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan. Kódà bó bá jẹ́ ìkán kan ni ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, á ti ju lítà 4 lọ láàárín wákàtí 24.

Fífa díẹ̀ kúrò lágbára ju bó ṣe dà lójú lọ. Jíjìn omi ló ń ti gíláàsì. Bẹ́ ẹ bá dín in kù sí ìlàjì, agbára tó fi ń ti gíláàsì ẹ̀gbẹ́ á já sí ìdámẹ́rin. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ojú ìsopọ̀ ló ń yọ́ omi, ẹ fa á dé ìlàjì tàbí dé ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń jò, kẹ́ ẹ wá fara balẹ̀ wá ibi tẹ́ ẹ máa kó ẹja sí. Kò yẹ kéèyàn máa sáré lé ẹja kiri pẹ̀lú àwọ̀n lóru.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé gíláàsì ló sán, kò sí "díẹ̀" níbẹ̀. Sísán lè sáré láti etí kan dé ìkejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fa gbogbo rẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ má gbé táńkì tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá ti lọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ yín, ojú ìsopọ̀ tó ṣì dára náà á ṣí.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì, ike ńlá, tàbí táńkì mìíràn?

Bọ́kẹ́ẹ̀tì dára fún wákàtí mélòó kan. Ó jìn àmọ́ ojú rẹ̀ kéré, ojú omi ló sì ń mí fún ẹja. Ike ńlá tí wọ́n fi ń kó aṣọ pamọ́ ni mo yàn, torí pé ojú rẹ̀ fẹ̀, ẹja mi sì wà nínú rẹ̀ títí mo fi tún táńkì ṣe tán, pẹ̀lú fílítà kan náà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Táńkì mìíràn tó ti ń ṣiṣẹ́ ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ ẹ bá ní in, tí àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ kò sì ní gbé àlejò mì.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ ti kàn án rí. Omi táńkì tiwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sínú rẹ̀. Ẹ kó òkúta ńlá àti igi jáde kẹ́ ẹ tó máa kó ẹja, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àárín wọn ni wọ́n á sá pamọ́ sí. Ẹ bò ó, torí ẹja tẹ́rù bá máa ń fò, àmọ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Irú ẹja bíi betta tó ń gòkè wá mí lójú omi kò nílò pọ́ǹpù tó bẹ́ẹ̀, ó nílò ìgbóná.

Fóòmù àti gbogbo ohun tó wà nínú fílítà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Inú wọn ni àwọn bakitéríà tó ń sọ májèlé ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò léwu ń gbé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ẹ má sì fi omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kiloríìnì sí fọ̀ wọ́n. Omi táńkì ni kẹ́ ẹ rì wọ́n sí, kí omi náà máa ru. Bí àwọn bakitéríà náà bá kú, amóníà, ìyẹn májèlé ìgbẹ́ ẹja yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ike náà láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ebi ọjọ́ kan kò ní pa ẹja tó ti dàgbà, àmọ́ omi ìdọ̀tí lè pa á.

Ilẹ̀: èyí tẹ́ ẹ lè gbà là àti èyí tẹ́ ẹ máa pààrọ̀

Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó nu ohunkóhun. Bẹ́ ẹ bá ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ adójútòfò, ọ̀pọ̀ nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń ya omi tó tú lójijì sọ́tọ̀ sí èyí tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, fọ́tò yín ló sì máa sọ èyí tí tiyín jẹ́. Bí ẹnì kan bá ń gbé nísàlẹ̀ yín, ẹ kan ilẹ̀kùn wọn lóru náà, ojú kò gbọ́dọ̀ tì yín. Bí àjà ilé wọn bá ti wú bí ikùn, wọ́n ní láti pa iná yàrá náà, kí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó lu ihò kékeré sí i kí omi lè kán síbì kan, kó má bàa já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wákàtí 24 sí 48 lẹ ní. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí kò bá tíì gbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, dúdú á máa hù sí i, òórùn rẹ̀ á sì gba ilé. Àmọ́ gbogbo ilẹ̀ kọ́ ló rí bákan náà:

| Irú ilẹ̀ | Ohun tí omi ń ṣe fún un | Ohun tí èmi á ṣe |
|---|---|---|
| Táìlì | Omi dúró lójú rẹ̀, ó ń gba ojú ìsopọ̀ àti etí ògiri wọlé | Màá nù ún, màá wo etí ògiri dáadáa |
| Kápẹ́ẹ̀tì tó ní fóòmù lábẹ́ | Òkè á gbẹ, fóòmù á ṣì máa ṣẹ̀ omi | Màá ká kápẹ́ẹ̀tì, màá sọ fóòmù nù |
| Pákó gidi | Etí pákó kọ̀ọ̀kan á gbé sókè | Màá ní sùúrù. Ó lè padà tẹ́ bó bá gbẹ |
| Pákó alámọ̀pọ̀ tí wọ́n kàn so kọ́ra | Inú rẹ̀ á wú, kò sì ní padà | Màá pààrọ̀ ibi tó bà jẹ́ |
| Ṣìmẹ́ǹtì lásán | Ó mu omi, ó ń pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀ | Màá fi sílẹ̀ lófìfo títí á fi gbẹ dénú |

Lórí pákó gidi, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn rí i pé etí rẹ̀ gbé sókè kó sì ní kí wọ́n fá a lọ́sẹ̀ kejì. Bó bá gbẹ tán lẹ́yìn ìgbà yẹn, àárín tí wọn ò fá á wá ga ju etí lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ dénú ná, bó tiẹ̀ gba oṣù.

Tèmi, kápẹ́ẹ̀tì ni. Òkè rẹ̀ ti gbẹ ní ọjọ́ kejì, inú mi dùn, mo tiẹ̀ ti gbé àga padà sórí rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni mo gbóòórùn. Nígbà tí mo ká igun rẹ̀, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Bẹ́ ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ ká a lálẹ́ ọjọ́ kìíní.

Omi táńkì ẹja kì í ṣe omi mímọ́. Ìgbẹ́ ẹja wà nínú rẹ̀, àjẹkù oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti fa á tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ omi iyọ̀ ni táńkì yín, ẹ fi omi lásán ṣan ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ ẹ, torí iyọ̀ tó bá kù sílẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin látinú afẹ́fẹ́, á sì máa jẹ irin.

Fáànù, fèrèsé, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin?

Fáànù ń lé omi kúrò lára nǹkan, kò lé e kúrò nínú yàrá. Bí yàrá bá tì pa, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á kún fún ọ̀rinrin, fáànù á kàn máa dà á káàkiri sára ògiri àti aṣọ fèrèsé. Nítorí náà ó nílò ẹnì kejì. Lọ́jọ́ tí ìta bá gbẹ, fèrèsé ni ẹnì kejì yẹn, kò sì ná yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, ẹ ti fèrèsé, kẹ́ ẹ wá ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sínú ike rẹ̀, kódà bó jẹ́ pé ẹ máa yá a. Ẹ má tan ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tún ṣí fèrèsé. Ẹ óò kàn máa gbẹ ìta ni. Àkísà àti mọ́ọ̀pù tó fún omi orí táìlì. Ẹ̀rọ ìfa-omi nìkan ló ń rí omi inú kápẹ́ẹ̀tì fà dáadáa, èyí tó sì ń fa eruku lásán kò gbọ́dọ̀ kan omi.

Ẹ tún un ṣe tàbí ẹ ra òmíràn?

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé sílíkónì, ohun bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì pọ̀, méjì ló wà nínú táńkì gíláàsì. Ọ̀kan wà láàárín gíláàsì méjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Òun ló di wọ́n mú, òun ló ń ru ẹrù. Èkejì ni èyí tẹ́ ẹ máa ń rí ní igun inú, tó tẹ̀ bí ọ̀nà kékeré. Ó ń dáàbò bo ti àkọ́kọ́. Ẹ dúró níta, kẹ́ ẹ tan iná sí ojú ìsopọ̀. Bí ti àárín bá mọ́ geere láti òkè dé ìsàlẹ̀, ti inú nìkan ló bà jẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí ojú funfun tó là á já, tàbí èéfóò tó so mọ́ra wọn láti inú dé ìta, ohun tó di táńkì mú ló ń jáwọ́.

Fífi sílíkónì kun ara táńkì láti ìta ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń ṣe, òun ló sì burú jù. Omi ń ti i kúrò lára gíláàsì. Bó bá wà nínú, omi kan náà á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ni. Tèmi tí mo fi kun ìta lo ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún mo rí i tó wú bí rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, omi wà nínú rẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó bẹ́ sí mi lójú.

Ohun ìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní epoxy, tí wọ́n ń pò pọ̀ bí amọ̀, tó ń le kódà lábẹ́ omi, sàn jù ú lọ bẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ láti inú. Àmọ́ ti àṣálẹ́ ọjọ́ kan ni, kí ilẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àtúnṣe.

Yíyọ sílíkónì inú kúrò kẹ́ ẹ sì fi tuntun sí i ni èmi á yàn fún táńkì tí ti àárín rẹ̀ ṣì dára. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìsàlẹ̀ yíká, kì í ṣe ibi tó ń jò nìkan. Sílíkónì tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó dáadáa, nítorí náà ibi tẹ́ ẹ bá ti so tuntun mọ́ àtijọ́ ni omi máa gbà lọ́la. Bẹ́ ẹ bá ń fi abẹ gé e, ẹ ṣọ́ra kí ẹnu abẹ má wọ àárín gíláàsì méjì.

Títú táńkì palẹ̀ kẹ́ ẹ tún un tò látìbẹ̀rẹ̀ ṣeé ṣe. Fún táńkì kékeré tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ẹni tó ní sùúrù lè dán an wò. Bó bá ti ń lọ sí lítà 200, èmi ò ní dán an wò, torí bó bá já lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe ìkán omi ló máa jẹ́.

Gíláàsì tó sán, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ ra òmíràn. Àwọn kan máa ń fi sílíkónì lẹ gíláàsì mìíràn bò ó láti inú, ó sì lè dúró fún ìgbà díẹ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo ìwúwo jókòó sí, ẹ má dán an wò.

Sílíkónì wo?

Ẹ gbé e, ẹ ka ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀ àti ilé ìdáná sábà máa ń ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bu, oògùn yẹn sì lè pa ẹja. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́ sílíkónì 100%, láìsí oògùn ìbu, tó sì ń rùn bíi fínígà nígbà tó bá ń gbẹ. Òórùn fínígà yẹn á yọ omi lójú yín, àmọ́ á lọ. Àwọn kan wà tí kì í rùn. Ẹ rà wọ́n kìkì bí ara wọn bá sọ pé wọ́n wà fún táńkì ẹja. Dúdú tàbí funfun-gbòò, agbára kan náà ni. Dúdú ni mo lò torí kì í fi ewédò hàn.

Lẹ́yìn tí mo gé ti àtijọ́ kúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi acetone, oògùn tó ń yọ ọ̀rá kúrò, nu gíláàsì, nítorí pé ìka ọwọ́ kan péré tó bá kàn án ti fi ọ̀rá síbẹ̀. Mo lẹ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì igun náà, mo tẹ sílíkónì sí i láìdúró láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi ìka fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì yọ téèpù kí ojú rẹ̀ tó dì. Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ti bà á jẹ́. Ojú rẹ̀ máa ń yára dì, inú rẹ̀ ló ń pẹ́: bíi mìlímítà 2 sí 3 ni ó ń gbẹ wọlé láàárín wákàtí 24. Wákàtí 48 ni ó kéré jù. Èmi fún un ní ọjọ́ méje, títí n kò fi gbóòórùn fínígà mọ́ bí mo bá ki orí bọ̀ ọ́.

Bó bá di rírà: gíláàsì tàbí ike acrylic?

Ojú gíláàsì kì í tètè ní ìlà, ó sì máa ń mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ó wúwo ju acrylic lọ bí ìlọ́po méjì, bó bá sì jábọ́, ó parí. Acrylic le lórí ìkọlù. Ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kì í ṣe sílíkónì; oògùn ni wọ́n fi yọ́ ọ títí ó fi di ara kan, nítorí náà kò sí sílíkónì tó máa gbó níbẹ̀. Àmọ́ kànrìnkàn tí iyanrìn kan há sí á fi ìlà sí i títí láé, sípíríìtì àti àwọn oògùn ìnu-gíláàsì á mú kí ojú rẹ̀ máa sán wẹ́wẹ́. Bó bá sì wá ń jò, sílíkónì yín kò wúlò, kì í lẹ̀ mọ́ acrylic dáadáa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé acrylic kì í já. Ní Berlin ní Jámánì, ní December 16, 2022, àgbá acrylic ńlá kan tí wọ́n ń pè ní AquaDom tú lójijì nínú òtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú omi tó tó mílíọ̀nù lítà kan àti ẹja bíi 1,500.

Fún ilé, gíláàsì ni èmi yàn, torí mo mọ bí mo ṣe lè tún un ṣe. Bẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú pálọ̀, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀.

Àlòkù ńkọ́? Mo ń rà á. Mo máa ń fi èékánná họ etí sílíkónì rẹ̀. Bó bá ṣí bí èèpo, mo ti kí wọn pé ó dìgbà. Táńkì tó ti wà lófìfo nínú oòrùn fún ìgbà pípẹ́, mi ò gbà á kódà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó gbé táńkì dúró

Pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀ kì í padà sípò bó bá ti wú. Igun kan á ga ju èkejì lọ, táńkì á lọ́ díẹ̀, ojú ìsopọ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun. Bó bá kàn jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò tẹ́, ẹ ki nǹkan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kì í ṣe abẹ́ táńkì. Táńkì tí kò ní férémù nísàlẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó ní férémù kò fẹ́ ẹ: etí rẹ̀ ló yẹ kó ru ẹrù, fóòmù á sì máa ti àárín rẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ kékeré tó ń han bí omi bá kàn án wà, bátìrì ló ń lò. Ẹ ju ọ̀kan sẹ́yìn tábìlì.

Kí ẹja tó padà

Mo gbé tèmi síta, sórí ìwé ìròyìn tí mo tẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo bu omi dé ìdámẹ́rin, mo dúró títí di àárọ̀. Mo fi kún un dé ìlàjì, mo tún dúró. Mo wá kún un dénu, mo sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 48. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ igun òsì lẹ́yìn, mo fa ìwé ìròyìn náà jáde. Ó gbẹ, ó ń dún pákáleke lọ́wọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kó wọn padà, gbogbo wọn pé, àfi ọ̀kan tó fò jáde nínú ike ní ọjọ́ kẹta torí pé mi ò bò ó dáadáa.